Páálí Òfìfo Ìdí Òpó Íńtánẹ́ẹ̀tì

"Wọ́n ní bàbá ọdẹ yẹn ló..."

"Èyí tó ń ṣọ́ òpó íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Òun náà ni. Wọ́n ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá pé páálí ṣófo, pé... Ẹ má ní èmi ni mo wí o."

Olùyẹ̀wò tí ìjọba rán wá ti gbọ́ ọ kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Owó ìjọba ni wọ́n fi ri òpó náà, kí ará abúlé lè rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò. Ẹ̀rọ tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì jáde ti dàwátì nínú àpótí irin ìdí rẹ̀. Páálí òfìfo ló kù. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọlọ́pàá á gbé bàbá ọdẹ kúrò látìmọ́lé lọ sẹ́wọ̀n.

Ọ̀gá ilé-ìwé abúlé àti agbaṣẹ́ṣe tó ri òpó, àwọn náà ní kọ́kọ́rọ́ àpótí ọ̀hún.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé ẹ̀rọ ti dé."

Ọ̀gá ilé-ìwé ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Ojú mi báyìí ni mo fi rí i. Wọ́n yà á ní fọ́tò."

"Ṣé ẹ lò ó?"

"Wọ́n ní ó dọ̀la. Ọ̀la ọ̀hún la ṣì ń retí."

Agbaṣẹ́ṣe rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, olè ti jẹ́wọ́. Ó tú nọ́ọ̀tì, ó gbé ẹ̀rọ, ó fi páálí dí àyè rẹ̀."

Olùyẹ̀wò gba kọ́kọ́rọ́, ó ṣí àpótí. Ó gbé páálí kúrò, ó ki orí bọ àpótí, ó fìka wá ihò nọ́ọ̀tì. Ọ̀dà irin náà ṣì dí gbogbo wọn pa.

"Nọ́ọ̀tì wo ló tú? Ihò wọ̀nyí kò gba nọ́ọ̀tì rí."

Ó na fóònù sí agbaṣẹ́ṣe: fọ́tò ẹ̀rọ abúlé yìí àti ti abúlé mìíràn tó ti gba irú iṣẹ́ yìí. Ojú ibì kan náà ni ọ̀dà ara ẹ̀rọ ti bó nínú fọ́tò méjèèjì.

"Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ̀ ń gbé káàkiri."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu agbaṣẹ́ṣe. "Fọ́tò nìkan lọ́fíìsì yín ń bèèrè. Ilé tí mò ń kọ́ ló gbé owó ẹ̀rọ tó kù mì. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ̀ ń bọ̀, mo yáa pariwo olè."

Wọ́n tú bàbá ọdẹ sílẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ sọ fọ́lọ́pàá gan-an?"

"Wọn ò jẹ́ n parí ọ̀rọ̀. Mo ní, lẹ́yìn fọ́tò, agbaṣẹ́ṣe ní kí n gbé páálí sínú àpótí kí n sì tì í. Mo ní, 'Ọ̀gá, páálí yìí mà ṣófo.' Ó ní, 'Bàbá, afẹ́fẹ́ ni íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣé afẹ́fẹ́ a máa wúwo ni?'"