Ìṣẹ́jú Mẹ́rin fún Orin Fèrè

"Dúró! Dúró! Hámà ti tún wọ inú ẹ̀!" Ọ̀gá Ẹ̀rọ pariwo, ó sì fi ìka tẹ fóònù pa.

Fèrè gbé gìtá kúrò lórí itan, ó wo ilẹ̀ yàrá bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ ní gbèsè. Ìgbà keje nìyí. Ọ̀sán Sátidé ni. Òun àti Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ tinú tòde fóònù, ti fi kúbùsù méjì dí fèrèsé, wọ́n ti to ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì ti gbé fóònù lé orí ìwé mẹ́rin kí ó lè bá ẹnu Fèrè dọ́gba. Ooru inú yàrá náà tó ohun tí ẹyin lè fi jinná. Síbẹ̀, kò sí kúbùsù tó lè dí hámà Bàbá Káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé. Kò sí ìrọ̀rí tó lè pa máṣíìnì ìyá Fèrè lẹ́nu mọ́; télọ̀ ni, yàrá kejì ló sì ti ń ránṣọ. Rédíò ìyá àgbà ńkọ́? Etí ìyá àgbà ti wúwo díẹ̀, nítorí náà gbogbo àdúgbò ló ń bá a gbọ́ ìròyìn.

Ìdí tí wọ́n fi ń pe ọmọ náà ní Fèrè ni pé ní kékeré, bó bá bú sẹ́kún, ajá ojúlé kẹta á dìde. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, ẹkún sì ti di orin. Tíṣà orin ní ilé ìwé wọn ti ní kí oníkálùkù kọ orin tirẹ̀, orin tí ẹnìkan ò kọ rí, kí ó fi gìtá nìkan gbè é, kí ó gbà á sílẹ̀ nílé, kí ó sì mú un wá lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò kọrin níwájú gbogbo òbí lọ́jọ́ ìparí sáà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Fèrè fi kọ orin yìí. Orin ìyá rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ kò sì tíì gbọ́ ọ:

Abẹ́rẹ́ ìyá mi kéré, iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré,
Ohun tó ya lára mi, ìyá mi á rán an.
Bí òjò bá rọ̀, kó má pa ìyá mi,
Bí oòrùn bá mú, kó má mú ìyá mi.

"Lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí.

"Bẹ̀ wọ́n kẹ̀? Bàbá Káfíńtà á ní ṣé orin ni òun máa jẹ. Ìyá mi á bi mí bóyá mo ti fọ abọ́. Fi mí sílẹ̀, mo mọ ohun tí n ó ṣe."

Ó tọ ìyá àgbà lọ, ó sì pariwo sí i létí: "Màmá àgbà, ara tíṣà orin wa ò yá o! Ó ti dùbúlẹ̀!"

Ìyá àgbà pa rédíò lójú ẹsẹ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó kí ó lọ kí aláìsàn. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde.

Ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà, Fèrè sọ fún ìyá rẹ̀ pé tíṣà orin fẹ́ rán aṣọ tuntun, ó sì ní kí télọ̀ wá wọn òun nílé kíákíá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde tán, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Bàbá Káfíńtà. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Tíṣà wa ní kí ẹ wá wọn ilẹ̀kùn òun. Ikán ti jẹ ẹ́ tán."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ di orí mú. "Ilé kan náà? Ẹni mẹ́ta?"

"Ilé ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tó jìnnà. Ìyá àgbà ń rìn bí ìgbín, ìyá mi ń fẹsẹ̀ rìn, Bàbá Káfíńtà ní kẹ̀kẹ́. Wọn ò lè pàdé."

Ìṣirò kò fi ìgbà kan dára lọ́wọ́ Fèrè. Gbogbo èsì ìdánwò rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i.

Bàbá Káfíńtà ló kọ́kọ́ dé ilé tíṣà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó kanlẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, nítorí tíṣà wà nílé ìwẹ̀, ó ń fọ irun. Bàbá Káfíńtà kì í fi àkókò ṣòfò: ó yọ téèpù, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀kùn. Ìyá Fèrè náà dé, tòun ti téèpù lọ́rùn àti aṣọ funfun kan tó fẹ́ fi han oníbàárà rẹ̀ tuntun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Káfíńtà. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀yin náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Fèrè. Ẹ bá mi di ìdí téèpù mú. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀ ni gígùn ẹ̀."

Ibi tí wọ́n dé nìyí tí ìyá àgbà yọ ní kọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó pàdé lójú ọ̀nà ló dúró kí. Ó rí káfíńtà tó ń pe ìwọ̀n. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó di aṣọ funfun mú. Aláìsàn tó wá kí kò sì dún nínú ilé.

"Yéè! Ó ti lọ! Tíṣà ti lọ! Wọ́n ti ń wọn pósí!"

Àdúgbò tú jáde. Obìnrin kan ti ń yí nílẹ̀ kó tó béèrè ẹni tó kú. Tíṣà gbọ́ ẹkún lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ló bá sáré jáde, tòun ti táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn àti ìfóófòó ọṣẹ lórí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?"

"Ìwọ ni!" ni ìyá àgbà dáhùn. Lẹ́yìn náà ló wá wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ń rìn bí ìgbín tẹ́lẹ̀ sáré, ìdí afárá ni wọ́n ti lé e bá.

Nígbà tí ara wálẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, orúkọ kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nílé, lẹ́yìn tí Fèrè ti ṣàṣìṣe lọ́pọ̀ ìgbà, orin wá ń dùn. Ẹsẹ kìíní lọ geere, èkejì lọ geere. Fèrè di ojú, ó ń kọ ẹsẹ tó kẹ́yìn: "Bí oòrùn bá mú, kó má mú..."

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, ìrọ̀rí fò kiri. "Oòrùn fẹ́ẹ̀ pa mí lónìí! Fèrè dà?" Ìyá rẹ̀ ni, aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn bí ẹni tí òjò pa. Bàbá Káfíńtà wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ìyá àgbà, lẹ́yìn ìyá àgbà tíṣà fúnra rẹ̀, tí ọṣẹ ti gbẹ mọ́ lórí.

"Fèrè," ni tíṣà wí, "ṣé mo ní mo fẹ́ ilẹ̀kùn?"

"Rárá, mà."

"Ṣé mo ní mo fẹ́ aṣọ?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ara mi ò yá ni?"

"Ara yín yá, mà."

"Kò yá mọ́ báyìí."

Fóònù ṣì ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Bàbá Káfíńtà ti fi gúlù lẹ ẹsẹ̀ àga kan kó tó jáde. Nígbà tó fi dé, ó ti gbẹ ní wíwọ́, àga náà sì tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo kànga. Oníbàárà ìyá Fèrè ti wá bá ilẹ̀kùn ní títì, ó ti bínú lọ. Ní ti tíṣà, ìgbà mọ́kànlá ló ṣílẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà fún àwọn tó wá kẹ́dùn, tó ń sọ pé, "Mi ò kú o. Ẹ ṣeun."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Fèrè sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Káfíńtà. Bàbá na sáńpépà sí i, ó fi àga wíwọ́ hàn án. Fèrè fá gúlù gbígbẹ títí di ọ̀sán, apá rẹ̀ fẹ́ẹ̀ já.

"Kí lo tiẹ̀ fẹ́ fi ilé tó dákẹ́ ṣe?" ni bàbá bi í níkẹyìn.

"Orin ni, sà. Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀."

"Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́rin, sà."

Bàbá Káfíńtà gbé hámà sílẹ̀. "Mẹ́rin! Èmi tí mo máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá pẹ́ńsùlù tó wà létí mi! Kí ló dé tí o ò kàn sọ?"

Fèrè ń fi sáńpépà fá ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tó ti bẹ ìyá àgbà àti ìyá rẹ̀ náà, ilé dákẹ́ lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bàbá Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ lásán dá àwọn tí ń kọjá lẹ́kun ariwo. Ìyá àgbà pa rédíò, ó tún fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Fèrè jókòó ti máṣíìnì, pínnì kún ẹnu rẹ̀. Fèrè kọrin. Ìka rẹ̀ yọ̀ nínú ẹsẹ kejì, ṣùgbọ́n kò dúró. Nígbà tí okùn tó kẹ́yìn dún tán, ìyá àgbà bi wọ́n ní ohùn tó rò pé ó jẹ́ jẹ́jẹ́, "Ṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ọ̀gá Ẹ̀rọ fẹ́ẹ̀ ṣubú lu fóònù fún ẹ̀rín.

Ìyá Fèrè ń yọ pínnì kúrò lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ni. "Èmi lo kọ eléyìí fún?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"O sì lé mi jáde nílé kí n má baà gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Fèrè ju ẹgba lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, tíṣà gbọ́ gbogbo orin kíláàsì tán. "Ti Fèrè ló dára jù," ó wí, "ṣùgbọ́n ẹlòmíì ni yóò kọrin lọ́jọ́ ìparí sáà. Mi ò lè gbé ẹni tó pa mí lọ́jọ́ Sátidé dìde níwájú àwọn òbí. Àwọn kan nínú wọn ló wá kí òkú mi."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Fèrè náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi lé ròrò sí i lójú. Ó mọ̀ pé ẹnu òun ló kó òun sí i. Àwọn àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ohun tí èèyàn lè tọrọ, kó má ṣe fi irọ́ wá a: irọ́ lè mú ilé dákẹ́ fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ariwo tó ń tẹ̀lé e kì í tán bọ̀rọ̀.