Rọ́bà Inú Etí Ìyá

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò fi nǹkan kan kún un, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Mo mọ ilé tó ti ṣẹlẹ̀. Mo ti jókòó nínú pálọ̀ náà rí. Ohun tí mo gbọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Fáìzàh lorúkọ rẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àbẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Òkè Báálẹ̀ ní Òṣogbo ló ń gbé, nílé ìyá tó bí i. Àpìkẹ́ ni ìyá náà ń jẹ́, ó sì ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Aláró ni nígbà tó lágbára. Títí di báyìí, ẹ̀bá èékánná rẹ̀ ṣì dúdú fún aró. Ní ọdún méje sẹ́yìn, àìsàn kan dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì gbáko. Nígbà tó máa dìde, etí rẹ̀ ti di. Kò gbọ́ ìlù, kò gbọ́ ìpè ìrun, kò gbọ́ ààrá. Ẹnu ẹni ló máa ń wò. Bí èèyàn bá rọra sọ̀rọ̀ lójúkojú, yóò mọ ohun tí onítọ̀hún ń sọ, yóò sì dá a lóhùn.

Ìgbà náà ni Fáìzàh kó padà sílé, òun àti Salmah ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ń wẹ ìyá, ó ń dáná, ó ń fọṣọ, ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, ó ń wọ bọ́ọ̀sì bọ̀. Salmah dàgbà, ó bọ́ sílé ẹ̀kọ́ gíga ní Iléṣà. Ó wá ku ìyá àti ọmọ. Ilé náà parọ́rọ́. Fáìzàh ti sọ ọ́ dàṣà láti máa dá sọ̀rọ̀ sókè níwájú ìyá rẹ̀, bí ẹni tó dá wà.

Ní oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, Kàmál, àbúrò Fáìzàh tó wà lókè òkun, fi páálí kékeré kan ránṣẹ́. Ẹ̀rọ etí ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ju ẹ̀pà oníhóró méjì lọ. Ẹ̀yìn etí ni wọ́n ń fi kọ́, ọ̀pá kan tó rí bí òwú ìránṣọ sì jáde lára rẹ̀ tí yóò wọ inú ihò etí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá náà kò lè wọ etí lásán. Rọ́bà kan wà tí wọ́n máa fi dé e lẹ́nu, rọ́bà rírọ̀ tó ṣe róńdó bí orí olú, tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rá. Láìsí rọ́bà, ẹ̀rọ náà kò wúlò.

Ìyá Àpìkẹ́ ti jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ó ń retí.

“Ṣé o ti fi sí i?”

“Mo ń fi sí i lọ́wọ́, Ìyá.”

Fáìzàh ti rọ́bà náà mọ́ ẹnu ọ̀pá, ó yọ̀. Ó tún tì í, ó tún yọ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ tóbi jù. Rọ́bà náà fò bọ́ sílẹ̀, ó sì fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá a lábẹ́ àga. Ó fi omi ọṣẹ pa á, kò wọlé. Ó fi àdí àgbọn pa á, ó túbọ̀ ń yọ̀. Ó mú èmú tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀gún, èmú náà ya ẹyọ kan sí méjì. Àwòrán tó wà nínú ìwé ìlò rẹ̀ kò ju ọwọ́ kan tó ń tì í bọ̀ ọ́ pẹ́rẹ́, bí ẹni ń dé ìdérí bírò. Nígbà tí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó, ojú ń ta á. Ó ní kí ìyá ṣe sùúrù di ọ̀la. Ìyá kàn mi orí sí i.

Ní ọjọ́ kejì, bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ Ọdúntán ló kọ́kọ́ yà sí. Ọdúntán ń tún fóònù ṣe ní oríta, ó sì já fáfá nídìí nǹkan kéékèèké. Ó fi awò sójú, ó mú èmú tín-ín-rín, ó tẹ̀ ba tábìlì. Ó tó wákàtí kan. Òógùn bò ó. Nígbà tó gbójú sókè, kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ gbọ́, Àǹtí. Ó ń wọlé o. Mo ń fojú ara mi rí i pé ó ń wọlé.”

“Kí ló wá dé?”

“Tí mo bá ti ní kí n fi í sílẹ̀ báyìí, nǹkan kan á tì í jáde. Láti inú.”

Fáìzàh ní bóyá afẹ́fẹ́ ni. Ọdúntán ní kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ó dá ẹ̀rọ náà padà sínú páálí, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tún nù ún. Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọjọ́ kẹta ló wọlé.

Lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ bàjẹ́ lọ́nà, Fáìzàh sì fẹsẹ̀ rìn lábẹ́ oòrùn. Nígbà tó délé, iná ti lọ. Ìyá ti jókòó, páálí wà lórí itan rẹ̀. Fáìzàh kò tilẹ̀ bọ́ ìborí. Ó jókòó, ó mú ẹ̀rọ náà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú rọ́bà sọ́wọ́ òsì, ojú rẹ̀ sì ń pa dé. Kò lágbára àtitì í mọ́. Ó kàn gbé ẹnu ọ̀pá náà lé e lórí, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ sinmi díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Rọ́bà náà wọlé fúnra rẹ̀.

Ó ní bí ẹní fà á ló rí. Ó ró tá, bí ìgbà tí èèyàn bá ta ahọ́n mọ́ àjà ẹnu. Ó wò ó. Ó fà á wò. Kò mì.

Ó fi í sí ìyá létí, ó tan án, ó sì bọ́ sẹ́yìn àga. Ó pàtẹ́wọ́. Ìyá kò yíjú. Ó pe orúkọ rẹ̀. Ìyá kò yíjú. Fáìzàh fọwọ́ ti ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko tó ti ń bá a jà, lásán ló já sí.

Ìyá wá sọ̀rọ̀.

“Salmah ń sunkún.”

Fáìzàh padà síwájú rẹ̀, kó lè rí ẹnu òun. “Salmah wà ní Iléṣà, Ìyá.”

“Ó ń sunkún. Ó ní òun kò wọ bàtà yẹn, pé ó ń há òun lẹ́sẹ̀. O ní tí kò bá wọ̀ ọ́, o máa fi í sílẹ̀ lọ.”

Fáìzàh rọra jókòó sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ṣẹlẹ̀. Nínú pálọ̀ yìí ló ti ṣẹlẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kó dé, ọdún méje sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Salmah nígbà náà. Ìyá wà níbẹ̀ lórí àga yìí kan náà, kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Láti ọjọ́ náà, bí ìrun Àlàásárì bá ti parí, ìyá yóò na ọwọ́ fún ẹ̀rọ etí rẹ̀. Yóò jókòó, yóò dákẹ́, yóò máa gbọ́. Nígbà mìíràn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà mìíràn yóò sọ ohun tó gbọ́. Ó sọ orúkọ àwọn tó wá kí i lẹ́yìn àìsàn, àti ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ó sọ bí Salmah ṣe ń ka ìṣirò sókè. Ohun tí èèyàn bá sọ lónìí kò gbọ́ ọ. Èyí tí wọ́n ti sọ nínú pálọ̀ náà láti ọjọ́ tí etí rẹ̀ ti di ló ń gbọ́, lẹ́sẹẹsẹ, kò fo ọ̀kan.

Nínú bọ́ọ̀sì Àbẹ̀rẹ̀ ni Fáìzàh ti fi ìka ṣírò rẹ̀. Bí ìyá bá gbọ́ fún ìrọ̀lẹ́ kan, á tó ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà. Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rù bà á.

Nítorí pé ọjọ́ kan wà tí kò fẹ́ kí ìyá dé. Oṣù ààwẹ̀ ni, ní ọdún kẹrin. Ìyá ti ba ibùsùn jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Fáìzàh fọ aṣọ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, ebi ń pa á, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó wọ pálọ̀, ó jókòó ko ìyá rẹ̀ lójú, ó sì gbójú sí àjà kí ìyá má bàa ka ẹnu òun. Ó ní: “Ọlọ́run, ó tó. Mú un lọ, kí n sinmi.” Ìyá rẹ́rìn-ín sí i. Kò gbọ́.

Fáìzàh fẹ́ yọ rọ́bà náà. Ó fà á, kò yọ. Ó fi eyín fà á, kò yọ. Rọ́bà tó kọ̀ láti wọlé fún ọjọ́ mẹ́ta wá kọ̀ láti jáde. Nígbà tó rí bẹ́ẹ̀, ó ri ẹ̀rọ náà mọ́ inú ìrẹsì nínú kẹ́ẹ̀gì ilé ìdáná. Ìyá na ọwọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò bèèrè. Kò bínú. Ọwọ́ náà wà ní nínà títí oòrùn fi wọ̀. Fáìzàh wo ọwọ́ náà títí. Ó dìde, ó sì lọ gbé e wá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ìyá dé ọ̀rọ̀ náà. Fáìzàh mọ̀ ọ́n lójú rẹ̀. Ojú ìyá dúró. Ìpè ìrun bẹ̀rẹ̀, ó sì parí. Ó yọ ẹ̀rọ náà, ó gbé e sórí itan.

“Ó rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà,” ló wí.

Fáìzàh kò lè wò ó lójú. “Ó rẹ̀ mí, Ìyá.”

“Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ ẹ́.”

Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ léraléra, bí ẹni ń wá ibi tó bó lọ́jọ́sí. Wọn kò sọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Fáìzàh ní òun sùn lóru ọjọ́ náà bí òkúta.

Nínú ohun tí ìyá ń gbọ́, ọdún karùn-ún kọjá, ọdún kẹfà kọjá. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyá bú sẹ́rìn-ín.

“O pòṣé púpọ̀ nítorí rọ́bà yìí.”

Fáìzàh náà rẹ́rìn-ín. Ó ní Alhamdulillahi nínú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọdún méje ti dé òpin. Kò sí ohun tí wọ́n sọ tí ìyá kò tíì gbọ́.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, ìyá tún na ọwọ́.

Ó fi í sétí. Iná kò sí. Fíríìjì dákẹ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó tẹ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá fetí sílẹ̀, ó sì fajú ro díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dá ohùn kan mọ̀.

“Àwọn èèyàn yìí mà pọ̀.”

Fáìzàh wo pálọ̀ yíká. Àga mẹ́rin. Òun àti ìyá nìkan ló jókòó.

“Èèyàn wo, Ìyá?”

“Wọ́n ṣì ń wọlé. Wọ́n ń to àga.” Ó dákẹ́. “Ìwọ ni wọ́n ń kí.”

“Kí ni wọ́n ń sọ?”

“Wọ́n ní kí o mọ́kàn le. Kàmál wà ńbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há.”

Kàmál kò tíì wálé láti ọdún mẹ́sàn-án, irú àpèjọ bẹ́ẹ̀ kò sì tíì wáyé nínú pálọ̀ náà. Fáìzàh dìde. Ó tún jókòó. Ó rọra la ẹnu, ó sì rọra sọ ọ́, kí ìyá lè rí gbogbo rẹ̀.

“Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Kí lẹ̀yin ń sọ?”

Ìyá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbọ́, ó gbọ́. Ọ̀kadà kan kọjá níta, ìró rẹ̀ lọ títí ó fi tán.

“Gbogbo yín ni mò ń gbọ́,” ló wí. “N kò gbọ́ ohùn tèmi.”

Fáìzàh na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà láti yọ ọ́. Ìyá dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ náà le ju bí ọwọ́ arúgbó ṣe yẹ kó le lọ.

“Fi sílẹ̀. Ààfáà ti fẹ́ ṣàdúà.”

Ó tú ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, ó sì dúró. Kò sí ìró kankan nínú pálọ̀ náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní:

“Àmín.”

Ó tún dúró.

“Àmín.”

Fáìzàh dúró láàárín àwọn àga tó ṣófo. Kò mọ̀ bóyá kí òun náà la ọwọ́.