A Kì í Pe Orúkọ Lórí Garn Lwyd

Ìdajì ènìyàn ni Mabli kọ́kọ́ rí. Láti ìbàdí sókè, ọkùnrin kan wà nídìí ògiri odi àtijọ́ tó wà lórí òkè Garn Lwyd, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti já. Láti ìbàdí sísàlẹ̀, kùrukùru funfun ni. Kò mira, ó kàn kọjú sí òkun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí lọ́jọ́ náà.

Mabli dúró. Láti etí òkun ló ti ń gùn ún bọ̀, kò sì tíì pàdé ẹnì kankan. Ọ̀nà ibẹ̀ yí òkè náà po ni: èèyàn á gùn ún láti etí òkun, á gba ẹ̀gbẹ́ odi kọjá, á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá bèbè àpáta, á sì padà síbi tó ti gbéra. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n nínú odi náà, láàárín àwọn òkúta róbótó tó ṣẹ́kù lára ilé àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn mọ́, ẹyẹ kan kò dún. Àgùntàn kì í tilẹ̀ jẹ koríko ibẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ènìyàn ni yín?" Mabli bi í.

"Títí di àárọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ ńkọ́?" Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti inú kùrukùru kó lè rí bàtà rẹ̀ tó kún fún ẹrọ̀fọ̀. "Èkejì náà wà nísàlẹ̀. Mo kà wọ́n kí n tó kúrò nílé."

Ẹ̀rín pa Mabli, àyà rẹ̀ sì balẹ̀. Ó fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà yára na ọwọ́ sí i pé kó má sọ ọ́, ilé tó ti wá ni kó sọ. Mabli ní Hafod ni. Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lórí òkúta tó fẹ́ gbé. Ó ní Pantglas ni tòun, ògiri ọgbà àgùntàn tó wó lábẹ́ odi lòun ń tún tò.

Àwa tí à ń gbé abẹ́ òkè yìí kì í pe orúkọ ènìyàn lórí rẹ̀. Orúkọ ilé là ń pè. Ohun tó wà nínú odi yẹn máa ń kọ́ orúkọ tó bá gbọ́, a sì máa fi pe ẹni náà lọ́jọ́ kùrukùru, ní ohùn ẹni tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè jiyàn. Èmi kò ní bá a gun òkè.

Mabli ti gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí Morfudd ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ìlú ńlá Cardiff lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ọdún kejìdínlógún rèé. Ikú ìyá bàbá rẹ̀ ló dá wọn padà sí Hafod lópin òtútù ọdún yìí. Nígbà tó béèrè orúkọ ọkùnrin tó ń to òkúta lọ́wọ́ obìnrin oníṣọ́ọ̀bù, obìnrin náà ní Idwal ni, ó sì yára yí padà sídìí ọjà rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí Ọjọ́rú kan tí Mabli kì í rìn yí òkè po. Nígbà tó yá, ọjọ́ Sátidé náà wọ̀ ọ́. Á gbé tíì àti búrẹ́dì tí wọ́n fi èso àjàrà gbígbẹ sí lọ́wọ́, Idwal á máa fi bàtà rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé bàtà tí wọ́n fi ń lọ wo ọjà ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń gun òkè. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to òkúta láìlo sìmẹ́ńtì, tí ọ̀kan á gbé èkejì dúró. Elis bàbá Idwal nìkan ló kù fún un láyé, àrùn ẹ̀gbà sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá náà láti ọdún méjì. Idwal ní kò sí ohun tó wu òun bí kóun tún gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Nígbà mìíràn tí wọ́n bá jọ ń rìn létí odi, ìró ẹsẹ̀ kan a máa tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n bá dúró, òun náà á dúró. Idwal á kàn di ọwọ́ Mabli mú, kò ní wẹ̀yìn.

"Àgùntàn ni," á sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Àgùntàn kì í wọ bàtà, ìfẹ́ mi."

"Tiwa ń wọ̀ ọ́. Máa rìn."

Hafod mi ló máa ń pè é. Mabli bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa pe òun títí àwọn yóò fi di arúgbó. Ó ní lórí òkè yìí, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwọn bá jọ jókòó sínú ilé, òun yóò pe orúkọ rẹ̀ tán pátápátá. Mabli bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé oorun kò kùn ún mọ́.

Ìfẹ́ kì í ṣe ohun à ń fi pa mọ́ fún ìyá. Morfudd rí eruku òkúta lára kóòtù ọmọ rẹ̀, ó béèrè, Mabli sì sọ ọ́. Nígbà tó dárúkọ Pantglas, ìyá rẹ̀ rọra gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó àgùntàn sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún tí bàbá rẹ̀ kú, kùrukùru bo òkè, òun dúró lágbàlá, òun sì gbọ́ tí Elis ará Pantglas ń pe Gethin, ọkọ òun, pé kó máa bọ̀ níbí. Gethin tẹ̀ lé ohùn náà, ó sì rìn gba bèbè àpáta já sínú òkun. Elis búra pé òun kò la ẹnu. Gbogbo abúlé ló gbọ́ ohùn rẹ̀; àwọn kan ní ohun inú odi ni, ṣùgbọ́n ohùn Elis lòun gbọ́.

"Ọmọ ẹni tó pe ọkọ mi sínú ikú kò ní fẹ́ ọmọ mi," Morfudd wí. "Lọ́jọ́ Sátidé, à ń padà sí Cardiff."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mabli gun òkè lọ bá Idwal nídìí odi. Kò jókòó.

"O mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Mo mọ̀. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, o ò ní gun òkè yìí mọ́." Idwal wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Bàbá mi àti bàbá rẹ pe orúkọ ara wọn níbí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n fi ń dán ìgboyà ara wọn wò. Ẹ̀bi tí bàbá mi gbà nìyẹn. Ó pe tèmi náà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo sọnù síbí lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀rù ló bà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Hafod, ó ní òun kò pe ẹnikẹ́ni. Mo gbà á gbọ́."

Mabli fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n etí ìyá rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí kùrukùru gòkè láti òkun, tó fi bo ọ̀nà méjèèjì.

Láti àgbàlá Hafod ni Morfudd ti rí i. Ọdún méjìdínlógún ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ òkè náà, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló wà níbẹ̀. Ó gùn ún, ó ń fi ọwọ́ kan ògiri lọ, ó ń pe Hafod, Hafod, títí Mabli fi dá a lóhùn pé Hafod wà lẹ́nu ọ̀nà odi. Ó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó di ọmọ rẹ̀ mú, kò wo ojú Idwal.

Ìgbà náà ni ohùn kan pè láti ìhà bèbè àpáta. Ohùn ọkùnrin ni, ó nípọn, ó sì lọ́ra.

"Idwal. Máa bọ̀ níbí."

Gbogbo ojú Idwal tú ká bí ojú ọmọdé. Ó ní, "Bàbá mi ni. Ó ti sọ̀rọ̀." Ó sì gbé ẹsẹ̀, ó ń lọ.

Morfudd ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá apá súwẹ́tà rẹ̀ mú, ó fà á débi tí òwú rẹ̀ ya dé èjìká.

"Dúró, Pantglas. Bàbá rẹ wà lórí àga nílé, kò lè sọ̀rọ̀. Má dá a lóhùn."

Ohùn náà tún pè, ní ohùn Elis gẹ́lẹ́, bí Morfudd ṣe gbọ́ ọ lágbàlá lọ́jọ́ tó di opó. Kò tú ọwọ́. Ohùn tó ti kórìíra fún ọdún méjìdínlógún kì í ṣe ti Elis.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ara wọn láṣọ mú, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ògiri tí Idwal tò bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ ẹnì kẹrin tẹ̀ lé wọn dé ibi tí ògiri parí sí, ó sì dúró níbẹ̀.

Morfudd kò yà sí Hafod. Pantglas ló lọ tààrà, ó fi bàtà ẹlẹ́rọ̀fọ̀ wọlé. Elis jókòó nídìí iná, aṣọ òtútù bo itan rẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Elis, ìwọ kọ́ ni. Mo ti gbọ́ ohun tó ń fi ohùn rẹ pè. Dárí jì mí."

Omi bọ́ lójú Elis, ó sì gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lé orí Morfudd, ó fi í síbẹ̀ pẹ́ títí. Nígbà tí obìnrin náà dìde, ó béèrè ibi tí abẹ́rẹ́ àti òwú wà nínú ilé náà, ó sì ní kí Idwal bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ fún òun kí òtútù má pa á.

Bó ti ń rán an lọ́wọ́, kẹ́tùlù hó. Mabli to ife mẹ́rin sórí tábìlì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun àti Idwal yóò jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Idwal ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó sì wá dúró níwájú rẹ̀.

"Mabli," ó pè é.

Kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Idwal ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lòun fẹ́ bá a sọ, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wo ojú òun dáadáa, kó rí i pé òun gan-an ló ń pè é. Ó tún pè é.

Mabli wò ó láti orí dé bàtà ẹlẹ́rọ̀fọ̀ méjèèjì, ó sì dá a lóhùn.