Ohùn Abẹ́ Yìnyín

Nígbà tí ìròyìn ikú Bàbá Adébọ̀wálé fi dé etí Jethro, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ilẹ̀ ti gba bàbá náà láti àná. Morádéyọ̀ ni ó tú ọ̀fọ̀ náà fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù bàbá wà nígbà tí ó dún, tí ohùn ọkùnrin kan tí kò bá pàdé rí sì ń yọ̀ láti Kánádà pé, "Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo pa ẹja lánàá o."

Morádéyọ̀ wo sàréè tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí iyanrìn orí rẹ̀ kò tíì gbẹ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ jókòó." Ọkùnrin náà dáhùn pé òun ti jókòó. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń mí, kò sì sí ẹni tó lè pa fóònù náà nínú àwọn méjèèjì.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ìfẹ́ wọn ti hù, bí ewéko tó hù lójú sàréè.

Aránṣọ ni Morádéyọ̀ ní ìlú Òde-Ayé. Jethro ti rìnrìn-àjò lọ sí Kánádà kí Morádéyọ̀ àti ìyá rẹ̀ tó kó wá sí ilé tó kángun sí ti Bàbá Adébọ̀wálé. Nígbà tí ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, Morádéyọ̀ ló di ojú tó ń bá a wo fóònù. Òun ló ń ka iṣẹ́ tí ọmọ rán, òun náà ló ń ṣàlàyé àwòrán.

"Ó tún wà lórí omi tó dì, Bàbá. Ó jókòó sínú àgọ́ pupa kan. Ó dá ihò lu síwájú ara rẹ̀, ó ń wò ó."

Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní ọmọ òun kò gbàgbé odò.

Bàbá náà kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé òkú. Ó ti sọ ọ́ létí gbogbo ìjọ Aládùúrà rẹ̀ pé, "Ọmọ mi wà nínú yìnyín lọ́hùn-ún. Ẹ má gbé èmi náà sínú yìnyín." Nítorí náà, ọjọ́ kejì tó mí èémí ìkẹyìn ni wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, tí wọ́n sì sin ín. Wọ́n pe Jethro títí, kò wọlé. Ibi tó ti ń pẹja jìnnà sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dé.

Òjò àkọ́rọ̀ ló bá Jethro wọ ìlú. Ó bá Morádéyọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń bomi rin àwọn òdòdó tó gbìn sínú ike ọ̀dà àtijọ́. Ọkùnrin gíga ni, ó gbé aṣọ òtútù kan kọ́ apá bí ẹni tó gbé ọmọ tó sùn.

"Ìwọ lo ní kí n jókòó," ni ohun àkọ́kọ́ tó sọ.

"Èmi ni. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá, Bùrọ̀dá Jethro."

"Òdòdó yìí, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?"

"Rárá o. Wíwò là ń wò ó. Ìyá mi ní mò ń fi omi ṣòfò."

"Èmi náà ní irú ẹ̀," ni ó wí, ó sì rọra jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ bí ẹni pé àga náà lè pariwo.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ tí Jethro kì í mú aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lónìí, ṣòkòtò ni. Lọ́la, bọ́tìnnì ló já. Nígbà tó di pé bọ́tìnnì gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì kan já lẹ́ẹ̀kan náà, Morádéyọ̀ wo òwú tó ṣẹ́ kù lára ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó wo ojú Jethro.

"Eyín ni ẹ fi já èyí."

"Kí ni kí n ṣe? Aṣọ mi ti ń tán."

Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín, Jethro náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹ̀rín Jethro látìgbà tó dé. Morádéyọ̀ mọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà pé òun ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á, nítorí ohun kan wà tó mọ̀ tí Jethro kò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wọn jókòó síta, wọ́n ń jẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wọn, pẹ̀lú ẹja. Màmá Rẹ̀mílẹ́kún, àbúrò Bàbá, obìnrin tí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì, ní kí Jethro sọ ohun tí eré orí yìnyín yẹn ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Jethro bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan: irin tí wọ́n fi ń dá yìnyín lu, àgọ́, sítóòfù, bàtà, ìwé àṣẹ ìjọba, epo ọkọ̀. Ó kà á, ẹnu àwọn àgbà sì ń là sí i.

"Ẹja wo lo wá ń mú bọ̀?" ni ìyá Morádéyọ̀ bi í.

"Nígbà míì, mi ò rí, mà. Èyí tó bá sì kéré, a máa ń dá a padà."

Obìnrin náà dẹ́kun jíjẹ. "Ẹ dá a padà síbo?"

"Sínú omi, mà."

Benedict, ọmọ Màmá Rẹ̀mílẹ́kún, tó ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní òpópónà, fi ọwọ́ nu ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá sí ọ̀dọ̀ mi. Owó kékeré lẹ máa san. Ẹ ó jókòó, òtútù ò ní mú yín, tí ẹgbẹ́ yín bá sì fìdí rẹmi, a ò ní dá yín padà sómi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan ní tayò lòun yóò máa ta ní tòun, òmíràn ní ife ògógóró kan tó ìgbádùn fún ọmọ ènìyàn. Jethro kò bínú. Ó sọ fún wọn pé láàárín ọ̀sẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ ti ń gé ẹran ni òun ti ń ṣiṣẹ́, ariwo ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fi nǹkan dí etí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń mutí, àwọn kan ń ta tẹ́tẹ́, wọ́n ń ná ju òun lọ, síbẹ̀ kò sí èyí tó rí ìdákẹ́jẹ́ rà nínú wọn.

"Lórí yìnyín, mo máa ń rántí bí Bàbá ṣe kọ́ mi ní ìwọ̀ létí odò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ tí mo bá jókòó síbẹ̀."

Màmá Rẹ̀mílẹ́kún gbé egungun ẹja sílẹ̀. "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lò ń lọ, òun sì ń kú níbí. Jethro, eré tó gba rírí ojú bàbá kẹ́yìn lọ́wọ́ ọmọ, ó ti wọ́n jù."

Benedict bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo jọ.

Ní ọjọ́ kejì ni Jethro mú fóònù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, tó fi fídíò kan han Morádéyọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ tí Bàbá kú gan-an ni ó ya á. Funfun ni gbogbo ibẹ̀, kò lópin, kò sí igi kan. Ihò dúdú kékeré kan wà láàárín, omi ń mì nínú rẹ̀ bí ojú tó ń ṣẹ́. Lójijì, ohùn kan ti ìsàlẹ̀ jáde, ó gùn, ó wúwo, bí ẹni tó ń ké láti inú kànga. Kò jọ ọ̀rọ̀ kankan. Irun ara Morádéyọ̀ dìde.

"Yìnyín ni wọ́n ní ó máa ń ké bẹ́ẹ̀ tó bá ń sán," ni Jethro wí. "Mo ti gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yìí yàtọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé díẹ̀ ní ọ̀sán yẹn, mo wo fóònù, kò sí ẹni tó pè mí. Lẹ́yìn náà ni ohùn yìí dún. Déyọ̀, Bàbá ló pè mí. Mo sì jókòó, mo ń wo ẹja."

Morádéyọ̀ tẹ ojú mọ́ aṣọ tó ń rán.

Láti ìgbà náà ni ohùn yẹn ti wọ inú Morádéyọ̀ náà. Ó ń gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń gbọ́ ọ nínú ike omi tó bá ń kún. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, Jethro á gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ sàréè, á jẹ́ kí fídíò náà dún, á tún jẹ́ kó dún. Lọ́jọ́ kan, Morádéyọ̀ àti ìyá rẹ̀ rí Jethro tó gbé àpótí ìjókòó sí etí kànga, ó tẹ orí ba, ó ń wo inú ihò náà láìsí okùn, láìsí ìwọ̀.

"Ọmọ yẹn ń wo ìsàlẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó bá ń wo ìsàlẹ̀ báyẹn, omi á wò ó padà."

Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ẹbí Jethro wá tọrọ Morádéyọ̀, ìyá rẹ̀ kò lé wọn. Ó ní ọmọ dáadáa ni Jethro, ojú rẹ̀ mọ́, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí Jethro búra níwájú pẹpẹ pé òun kò ní tẹ orí yìnyín mọ́ láéláé. Ó ní òun kò lè fi ọmọ òun fún ọkùnrin tí wọn ò ní rí pè lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé. Wòlíì ìjọ wọn ní ó dára. Màmá Rẹ̀mílẹ́kún ní ó ti yẹ kó ṣe é tipẹ́. Jethro ní òun yóò búra lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ojú rẹ̀ sì dà bí ilé tí wọ́n pa iná rẹ̀.

Ojú yẹn ni Morádéyọ̀ kò lè gbàgbé. Ó rí i pé ìbúra náà kò ní lé òkú jáde, yóò kàn tì í mọ́ inú ilé pẹ̀lú wọn ni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó bá Jethro lójú sàréè, ó ní kó pa fídíò náà.

"Bàbá kò pè yín," ni ó wí.

Jethro gbé ojú sókè.

Ó sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, èémí Bàbá ti ń já. Òun ń pe fóònù Jethro, kò wọlé, òun tún ń pè. Bàbá bi òun pé níbo lọmọ òun wà. Òun ti rí àwòrán àgọ́ pupa láàárọ̀, òun sì dáhùn pé ó wà lórí omi. Bàbá na ọwọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ òun. Létí odò ni wọ́n ti tọ́ Bàbá, àwọn ará odò kì í sì í pe orúkọ ènìyàn nígbà tó bá wà lójú omi, kí omi má baà mọ̀ ọ́n.

"Ó ní, 'Má pè é mọ́. A kì í pe ọmọ tó wà lórí omi. Jẹ́ kó pẹja rẹ̀ tán.' Ó gbé fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí, ó gbé orí lé e. Kò jẹ́ kí n mú un títí ẹ̀mí fi bọ́. Màmá Rẹ̀mílẹ́kún wà níbẹ̀. Òun ló ní n kò gbọ́dọ̀ sọ fún yín, kí ẹ má baà rò pé a kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn bàbá yín."

Jethro wo fóònù ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. "Kí ló wá ké lábẹ́ yìnyín?"

"Yìnyín ni."

Jethro dìde. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìkọ̀yà, sí oko ọ̀pẹ bàbá rẹ̀, Morádéyọ̀ sì lo ọjọ́ náà bí ẹni tó rán aṣọ tán tí ẹni tó ni ín kò wá gbà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń lù nígbà tí Jethro dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ funfun ló wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán bí ti ìjọ wọn. Ojú rẹ̀ wú. Ó ní òun sunkún lóko bí òun kò ṣe sun ún látọjọ́ tí òun ti dé, òun sì ti nu fídíò náà nù.

"Mo ń lọ búra, ààyò mi. Kí ìyá rẹ lè fi ọ́ fún mi. Òótọ́ ni wọ́n sọ, eré náà wọ́n jù."

Morádéyọ̀ wo àwọn òdòdó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá lódìkejì, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ rí. Lẹ́yìn náà ó wo ọkùnrin tó fẹ́ràn. Kò pè é ní bùrọ̀dá, kò sì fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"Má búra, Jethro. Mo ti sọ fún ìyá mi láàárọ̀ yìí: ó sunkún, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Èmi yóò fẹ́ ọ, n ó sì bá ọ lọ. N kò ní ní kí o má lọ sórí yìnyín. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí o bá wà níbẹ̀, n ó dúró sí etí ilẹ̀, n ó sì máa pè ọ́. Bàbá nífẹ̀ẹ́ rẹ, kò pè ọ́. Èmi nífẹ̀ẹ́ rẹ, n ó pè ọ́ lórúkọ. Kí omi gbọ́ ọ tó bá fẹ́. Ìwọ ṣáà ti dáhùn."