Ojú Tí A Kò Tíì Bò

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi wọ yàrá kọ̀ǹpútà, ẹrẹ̀ oko ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Kò jókòó. Ó yọ káàdì pẹlẹbẹ kan láti inú kámẹ́rà, ó fi lé Fẹ̀yìntọlá lọ́wọ́, kò sì tètè fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀.

"Ti òní yàtọ̀ o," ó ní. "Bàbá àgbẹ̀ kan ní Odò-Orò ló bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti ṣèlérí fún un pé ẹnikẹ́ni kò ní rí ojú rẹ̀. Bá mi bo ojú náà, kí o sì yí ohùn rẹ̀ padà, kí ẹnikẹ́ni tó wò ó. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ìyáàfin ti mọ̀ sí i. Àwa mẹ́ta náà nìyẹn."

Oṣù Kẹjọ ni, àwọn ọmọ ilé ìwé wà ní ìsinmi. Ìyáàfin Ọmọ́tọ́lá, olùkọ́ kan ní yunifásítì, ló kó tíṣà méjìlélógún jọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkọ̀lé fún ọ̀sẹ̀ méjì, láti kọ́ wọn bí a ṣe ń fi fídíò ṣe ìròyìn, kí àwọn náà lè padà lọ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wọn. Wọ́n wá láti Ọ̀yẹ́, láti Ìdó, láti Ààyè-Èkìtì. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Fẹ̀yìntọlá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò àṣekágbá ni, ṣùgbọ́n ó mọ fídíò í tò ju ọ̀pọ̀ àgbà lọ. Òun ni Ìyáàfin fi ṣe olùtọ́jú gbogbo ohun tí wọ́n bá yà. Àwọn tíṣà tí wọ́n ti ní kó kúnlẹ̀ rí ní kíláàsì ló wá ń bi í pé, "Fẹ̀yìntọlá, bọ́tìnì wo la máa tẹ̀?" Ó dùn mọ́ ọn. Ta ni kò ní dùn mọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé náà, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì wo fídíò ọ̀hún. Bàbá Ifákáyọ̀dé dúró láàárín kòkó rẹ̀, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó gbé àdá rẹ̀ sábẹ́ abíyá.

"Igbó ìjọba ni èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí," ni bàbá wí. "Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gé ugi níbẹ̀. Tòkunbọ̀ onígẹdú ló ń gé e. Kì í ṣe pé wọ́n sọ fún mi, ojú mi ló ṣe. Oṣù tó kọjá, ọkọ̀ ńlá mọ́kànlá ni mo kà tó gba etí oko mi kọjá." Ó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí ojú mi o. Ulé mi ò jìnnà sí tiwọn. Oko yìí nìkan sì ni uṣẹ́ tí mo mọ̀."

Fẹ̀yìntọlá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nínú gbogbo fídíò tí àwọn tíṣà ti yà láti ìgbà tí wọ́n ti dé, kò sí èyí tó tó o. Ó pinnu pé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì lòun máa bo ojú náà, nítorí iṣẹ́ tó gba sùúrù ni.

Kò tíì dìde níbẹ̀ tí Bánjí fi pè é lórí fóònù. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni Bánjí, ó ní ojú ewé ìròyìn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń tẹ̀ lé.

"O ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn arúgbó yẹn?" Bánjí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ń ya àwòrán ewúrẹ́ àti ìkòkò ògì. Ẹ sì ń pe ìyẹn ní ìròyìn."

Ọ̀rọ̀ náà ta á lára. "O ò mọ nǹkan tó wà lọ́wọ́ wa," ó ní.

"Fi hàn mí nígbà náà."

Ó yẹ kó pa fóònù náà. Kò pa á. Ó gé ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀rọ̀ bàbá, ó fi ránṣẹ́ sí Bánjí, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Wò ó, kí o pa á rẹ́. Má fi han ẹnikẹ́ni." Bánjí dáhùn pé, "Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú Bàbá Ifákáyọ̀dé ti wà lórí ojú ewé Bánjí, gbangba bí ojú ọjọ́, ohùn rẹ̀ gan-an ló sì ń dárúkọ Tòkunbọ̀. Fẹ̀yìntọlá pè é lójú ẹsẹ̀.

"Bánjí, yọ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, yọ ọ́ kúrò."

"Ṣé o mọ iye èèyàn tó ti wò ó?"

"Wọ́n á pa bàbá yẹn lára."

Bánjí yọ ọ́ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ti gbà á, wọ́n ti fi ránṣẹ́ káàkiri. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, kì í ṣe é kó mọ́. Fẹ̀yìntọlá rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá Ìyáàfin Ọmọ́tọ́lá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló padà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá Tòkunbọ̀ kò ní rí i, bóyá ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kò rọlẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú, àwọn ọkùnrin méje tó ń bá Tòkunbọ̀ ṣiṣẹ́ wọ oko bàbá pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgégi mẹ́rin. Kòkó tó ti ń so láti ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ń gé lulẹ̀ bí ẹni ń gé koríko. Bàbá sáré lọ síbẹ̀, ó ń na ọwọ́ sí wọn. Igi àràbà tó ń ṣíji bo àwọn kòkó náà ni wọ́n gé kẹ́yìn. Bàbá kò tètè kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ̀ka kan wó lé e, ó rún ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wómúwómú láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìdó, kò sí ohun tí dókítà rí ṣe sí ẹsẹ̀ náà ju kí wọ́n gé e lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni Akínwálé, ọmọ bàbá, dé ọgbà ilé ìwé. Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Ó di Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi lọ́rùn ẹ̀wù mú níwájú gbogbo èèyàn.

"Ẹ jókòó nílé wa," ó ní. "Ìyá mi sun uṣu fún yín. Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò ní rí i."

Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi kò jà. "Èmi ni mo ṣèlérí," ó ní. "Èmi ni kẹ́ ẹ mú."

Ìyáàfin Ọmọ́tọ́lá bi gbogbo wọn léèrè ta ló mú fídíò náà jáde. Fẹ̀yìntọlá tẹjú mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé fídíò náà wà lórí fóònù Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi, níbi tó tọ́jú ọ̀kan sí, ẹ̀bi dà lé e lórí. Wọ́n ní kó máa lọ.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, bó ti ń so àpò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó pe Fẹ̀yìntọlá. Ọmọ náà rò pé ó ti mọ̀ pé òun ni. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Bátìrì kẹta ti kámẹ́rà yẹn ti ń wú. Má fi sínú iná mànàmáná pẹ́ o, kó má baà ṣe ọ́ léṣe." Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Fẹ̀yìntọlá kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Ìyáàfin ń kọ́ àwọn tíṣà nípa ìlérí tí oníròyìn ń ṣe fún ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Tíṣà kan ní, "Ká má ṣe bíi ti Ọbáfẹ́mi." Àwọn mìíràn mi orí. Fẹ̀yìntọlá dìde láti ẹ̀yìn kíláàsì.

"Kì í ṣe Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi, mà. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyáàfin Ọmọ́tọ́lá fìdí lé àga.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀ pé ó ti jáde?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mà. Lọ́sàn-án."

"Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n wọ oko." Ohùn Ìyáàfin kò ròkè rárá. "Ká ní o kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ní mọ́tò níta. À bá ti gbé bàbá kúrò níbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú."

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà kò parí. Àwọn òbí àti àwọn ọ̀gá ilé ìwé ti ń bẹ̀rù, àwọn tíṣà sì tú ká lọ́jọ́ kejì. Ìyáàfin pe Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi láti tọrọ àforíjì, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní gbé kámẹ́rà mọ́. Ọlọ́pàá mú Tòkunbọ̀, kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó jáde, nítorí kò sí àgbẹ̀ kan ní Odò-Orò tó gbà láti jẹ́rìí mọ́. Ọkọ̀ gẹdú ṣì ń kọjá.

Ìyá Fẹ̀yìntọlá ló mú un lọ sí Ìdó. Bàbá Ifákáyọ̀dé wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìbora pẹlẹbẹ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ kan wà. Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo fi fídíò yín ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Bàbá yí orí sí i. "Kí ni wọ́n fún ọ?"

"Wọn ò fún mi ní nǹkan kan, sà. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, sà."

Bàbá yí ojú sí ògiri.

Lójú ọ̀nà, ìyá rẹ̀ kò tù ú nínú. "O ti tọrọ àforíjì," ó ní, "ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá kò jẹ ọ́ ní gbèsè ìdáríjì. Ńṣe ni wàá máa gbé ẹ̀bi náà."

Ó ń gbé e títí di òní. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ pé ẹni tó bá fi àṣírí rẹ̀ sí wa lọ́wọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi sí wa lọ́wọ́, kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe fáàrí lójú ọ̀rẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti yọ̀, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ mọ̀ náà ni ká ké sí àgbà. Ìtìjú ọjọ́ kan kì í pani. Ìdákẹ́jẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló gba ẹsẹ̀ Bàbá Ifákáyọ̀dé.