Olè Fíìmù Tó Bu Ìrẹsì Kún Garawa

Dickson ní òun ti wẹ̀ láti Marine Beach dé Kútọnu rí, pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lórí, sìmẹ́ǹtì náà kò sì tutù. Ó ní nígbà tí òun dé agbedeméjì òkun, àbùùbùtán kan yọrí, ó bẹ òun pé kí òun rọra máa ju ẹsẹ̀, torí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn.

Ojú ọlọ́pàá ló ti ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í. Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú oṣù kejìlá ọdún 2011, ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé kan ní Ajégúnlẹ̀. Ogójì ènìyàn ló há sí ibi tí kò gba mẹ́wàá, ooru sì mú débi pé aláǹgbá ara ògiri ń fi ìrù fẹ́ ara rẹ̀ létí. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ lọ bi aláǹgbá.

"Ta nìyí?" ni Ìsípẹ́kítọ̀ Ọlásúnkànmí bi obìnrin tó ránṣẹ́ pè é.

"Dickson ni, sà. Wọ́ọ̀fù ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ òkun. Ẹ má dá a lóhùn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ìsípẹ́kítọ̀ wo Dickson láti orí dé ẹsẹ̀. Akoto pupa rúsúrúsú tí àwọn ará wọ́ọ̀fù máa ń dé ló wà lórí rẹ̀, òógùn sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́. Ìsípẹ́kítọ̀ mi orí, ó wá garawa kan tó dojú dé, ó jókòó lé e. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ṣe ọlọ́pàá ní Àpápá, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ débi pé àárẹ̀ gan-an máa ń sinmi lára rẹ̀ kó tó rìn síwájú. Lọ́jọ́ yẹn, tírélà tò ní Warehouse Road bí eyín nínú ẹnu, mọ́tò ọlọ́pàá kò rí ọ̀nà gbà, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Bàtà rẹ̀ ọ̀tún ti la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ nìkan ni kò rẹ̀.

"Kí ló sọnù?" ló bi obìnrin náà.

Inúmidùn lorúkọ rẹ̀, kamẹ́rà kan sì kọ́ sí i lọ́rùn. Oṣù mọ́kànlá ló ti fi ń ya fíìmù kan nípa àdúgbò náà. Kò sí olówó kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ní yàrá yá a ní yàrá, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ gbé e sílẹ̀, àwọn ìyá se oúnjẹ, Dickson fi orí ru gbogbo ẹrù. Diepreye, bàbá tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Marine Beach, yọ̀ǹda ọkọ̀ rẹ̀, ó sì wà láàárín èrò ní ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn, torí ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Dickson fẹ́ fẹ́. Ìlérí kan ṣoṣo ni Inúmidùn ṣe fún wọn: ẹnikẹ́ni tó bá ṣèrànwọ́, ojú rẹ̀ á hàn nínú fíìmù. Ìlérí bẹ́ẹ̀ rọrùn lẹ́nu. Tó bá dé èjìká, tírélà ni.

"Háàdì kọ̀ǹpútà ló sọnù, sà," ni Inúmidùn wí. "Inú rẹ̀ ni fíìmù náà wà. Kò tóbi ju ìwé orin lọ. Ẹ̀dà kejì ti mumi kú ní oṣù keje, nígbà tí àgbàrá wọlé. Látìgbà náà, inú garawa ìrẹsì ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí, kí ọ̀rinrin má bàa dé ibẹ̀. Ọ̀la, aago mẹ́rin, la fẹ́ fi hàn ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Wọ́n ti ń sọ pé mo tà á." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tí kò bá hàn lọ́la, sà, mi ò lè gbé àdúgbò yìí mọ́. Ojú wo ni màá fi wò wọ́n?"

Ìsípẹ́kítọ̀ tẹ̀ lé e wọ yàrá Màmá Ràdíátù, níbi tí iṣẹ́ fíìmù ti ń lọ. Garawa ìrẹsì wà ní igun. Ó ṣí i. Ìrẹsì kún un dé etí, bẹ́ńbẹ́.

"Nígbà tí háàdì wà nínú rẹ̀, ibo ni ìrẹsì dé?"

"Etí náà ni, sà."

"Háàdì ti lọ, ó ṣì dé etí. Ṣé o bu òmíràn sí i ni?"

"Rárá, sà. Oṣù márùn-ún rèé tí mi ò fi kún un."

Ìsípẹ́kítọ̀ ki ọwọ́ bọ ìrẹsì náà. Láàárín àwọn wóró funfun, ó ṣa mẹ́ta tó pọ́n, tó sì sanra, tí kò bá ìrẹsì tan rárá. Ó dì wọ́n sínú áńkáṣíìfù rẹ̀.

"Ta ló mọ̀ pé ibí ni háàdì wà?"

"Èmi, Màmá Ràdíátù, Okechukwu tó yá mi ní kamẹ́rà, àti Dickson. Àwa mẹ́rin náà la mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ máa ń wà, lábẹ́ ike ọṣẹ. Lánàá, láti aago kan sí mẹ́ta nìkan ni yàrá ṣófo: Màmá wà ní Jímọ́ọ̀. Èmi àti Okechukwu wà ní Warehouse Road, à ń wá ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri, ẹ̀gbẹ́ ara wa la wà títí di aago mẹ́rin. Àárọ̀ òní ni mo ki ọwọ́ bọ garawa, tí mi ò bá nǹkan kan."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Màmá Ràdíátù dé pẹ̀lú ìdì aṣọ. Alágbàfọ̀ ni, aṣọ àwọn ará Àpápá GRA ló ń fọ̀, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Gbogbo ọkùnrin tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ níwọ̀n tí àyè gbà wọ́n. Dickson náà tẹrí ba, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì di akoto rẹ̀ mú bí ẹni tí ìjì ń jà níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá," ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí nígbà tó wọ yàrá tán, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú àárẹ̀, ọlọ́pàá ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ ọ́ jọjọ. Ṣé wọn kì í fún yín ní ìsinmi ni?"

"Wọ́n ní ó ń bọ̀, Màmá. Ṣé ẹ ti wo fíìmù náà?"

"Ọjọ́bọ̀ ló fi hàn mí nínú yàrá yìí. Ó ti yí ìparí rẹ̀ padà. Tẹ́lẹ̀, orí ọkọ̀ Diepreye ló parí sí. Ní báyìí, orí ọwọ́ mi ló parí sí. Ọwọ́ méjì yìí, tí wọ́n ń da omi ọṣẹ sí gọ́tà." Ó na ọwọ́ náà jáde, wọ́n hun jọ bí èso gbígbẹ. "Mo sunkún, ọmọ mi. Àádọ́ta ọdún rèé tí mo ti ń fọṣọ, kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ mi rí."

"Ta ló tún rí ìparí yẹn?"

"Èmi àti òun nìkan. Fèrèsé ṣí torí ooru, ṣùgbọ́n a ò rí ẹnì kankan ní ọ̀ọ̀dẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó jí i, ilẹ̀ gbígbóná ló máa tẹ̀."

Okechukwu ló kàn. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ dijú díẹ̀ kó tó lè wò ó.

"Wọ́n ní o fẹ́ kí Inúmidùn ta fíìmù náà," ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí.

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, sà, mi ò ní purọ́. Mo rí ẹni tó fẹ́ rà á. Àǹtí yìí ní ti gbogbo wa ni, òun ò lè tà á. Ọ̀gá mi, ọmọ tó bá jẹ́ ti gbogbo ilé, ebi ló máa ń sùn, torí kálukú rò pé ẹnì kejì ti fún un lóúnjẹ. Ẹ wo Àǹtí fúnra rẹ̀. Ó ti gbẹ. Àwa tá a ràn án lọ́wọ́ la ó jẹ ẹ́ tán."

Inúmidùn gbá kamẹ́rà rẹ̀ mọ́ra, torí òótọ́ kì í ṣòro gbọ́ bíi kó jáde lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn rẹ.

"Ìgbà wo lo wọ inú ọkọ̀ òkun kẹ́yìn?"

"Èmi? Ìwé ni mò ń gbé kiri, sà. Ẹ wo ṣẹ́ẹ̀tì mi."

"Mo ti rí i. Ojú ń ro mí. Máa lọ."

Ìsípẹ́kítọ̀ tún padà sórí garawa rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì ní kí Dickson súnmọ́ òun.

"Níbo lo wà lánàá, láti aago kan sí mẹ́ta?"

"Ọ̀gá mi, kọ̀ǹténà kan ló fẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ kéréènì ní wọ́ọ̀fù. Èmi ni mo fi àyà gbà á. Gbogbo àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ pàtẹ́wọ́."

"O ṣeun. Wọ́n ní o wà nínú fíìmù yìí?"

"Mo wà nínú rẹ̀ kẹ̀? Fíìmù èmi gan-an ni. Ẹ bi Bàbá Diepreye. Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n kó gbogbo ẹbí wá lọ́la."

"Ọkọ̀ méjì ni mo fẹ́ fi kó wọn," ni Diepreye dáhùn láti ẹ̀yìn èrò.

Ìsípẹ́kítọ̀ yán. "Èmi gbọ́ pé ipa tìrẹ kò tó nǹkan. Wọ́n ní ẹni tí fíìmù náà dá lé ni Màmá tó ń fọṣọ."

Ojú Dickson yí padà. Ẹni tó ti bá àbùùbùtán sọ̀rọ̀ rí kò lè gba irú ìwọ̀sí yẹn.

"Ṣé ẹ rí i, ọ̀gá mi? Ṣé ó yẹ? Odidi fíìmù, kó wá parí sórí ọwọ́ ìyá arúgbó tó ń da omi ọṣẹ nù, nígbà tí èèyàn tó wẹ̀ dé Kútọnu wà nílẹ̀?"

Màmá Ràdíátù rọra gbé ìdì aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí," ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí, "nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá sọ ọ́. Obìnrin méjì péré ló rí ìparí yẹn, Ọjọ́bọ̀ sì ni wọ́n rí i. Ìwọ náà rí i, torí pé ìwọ lo dúró lẹ́yìn fèrèsé. O ń retí ojú ara rẹ. O retí títí fíìmù fi parí, o ò rí i."

Ó tú áńkáṣíìfù rẹ̀. "Àlìkámà rèé, wóró mẹ́ta. Mo bá a nínú ìrẹsì Inúmidùn. Wọn kì í ta ìrẹsì oní-àlìkámà lọ́jà. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òkun ni méjèèjì ti ń pàdé, tí àpò bá fàya. Àwọn tó ń já ẹrù á gbá a jọ, wọ́n á gbé e relé. Okechukwu kì í dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Màmá kò lè dé ibẹ̀. Ìwọ ló kù."

"Ọ̀gá mi, ẹni tó bá jí fíìmù, kí ló fẹ́ fi bu ìrẹsì síbẹ̀?"

"Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyẹn."

Dickson wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Ó dà sílẹ̀ nígbà tí mo fa háàdì yọ. Ó dà sínú omi ọṣẹ Màmá. Ìrẹsì ni, ọ̀gá mi. Oúnjẹ èèyàn ni. Mo sáré lọ bu tèmi wá. Èmi kì í ṣe olè ìrẹsì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí garawa ìrẹsì kíkún jẹ́ nínú ilé.

"Ṣí akoto rẹ," ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí. "Ooru yìí fẹ́ yọ́ ògiri, àgbà wọlé, o ò ṣí i."

Dickson ṣí i. Háàdì náà wà nínú rẹ̀ nínú ọ̀rá, ó ti ṣe àpá sí i lórí bí òǹtẹ̀. Inúmidùn gbà á, ó sì dì í mọ́ àyà.

"Àǹtí, ẹ ṣèlérí," ni Dickson wí. "Oṣù mọ́kànlá. Orí yìí ló ru jẹnẹrétọ̀."

"Mo ṣèlérí." Ohùn rẹ̀ kò le. "Gbogbo ìgbà tí mo yà ọ́, Dickson, inú kamẹ́rà lò ń wò tààrà, o ń sọ ìtàn Kútọnu. Mi ò rí ìṣẹ́jú kan mú níbẹ̀. Mi ò sì ní ẹnu láti sọ fún ọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn."

"Tìrẹ ni lóòótọ́," ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí. "Ká ní o ti sọ fún un, èmi ì bá wà nílé, ǹ bá ti bọ́ bàtà."

Diepreye ti la èrò kọjá. "Dickson. So you no dey inside am at all?"

Ìbéèrè yẹn wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ. Dickson wo bàbá ìyàwó rẹ̀ ọ̀la, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì bẹ́ sí ìta. Ó fo gọ́tà, ó fo ìdì aṣọ, eré tó sá pọ̀ débi pé òjìji rẹ̀ dúró, ó ní kó máa lọ ná.

"Ẹ ò ní lé e, sà?" ni Okechukwu bèèrè.

Ìsípẹ́kítọ̀ wo bàtà rẹ̀ tó la ẹnu. "Tó bá dé etí omi, á dúró."

"Á dúró," ni Diepreye wí. "Mo máa ń fi ọkọ̀ gbé e. Tí ìgbì bá mì díẹ̀, apá mi ló máa ń dì mú. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Inúmidùn ti fi háàdì lé Màmá Ràdíátù lọ́wọ́. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó gbé kamẹ́rà sójú. Ní ìparí àdúgbò, láàárín àwọn tírélà tó dúró, Dickson ń sáré lọ láìsọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lórí bí ẹni tó ru ẹrù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò wo kamẹ́rà. Obìnrin náà yà á, ó yà á, títí Dickson fi yà sí ọ̀nà tó lọ sí etí omi.