Bàbá Ẹ̀bá Fèrèsé

Èèyàn méje ni Ìyá Ìjọ kà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí ìsìn parí, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń to àga jọ, Pásítọ̀ mí kanlẹ̀.

"A dúpẹ́ o. Èèyàn mẹ́jọ ló wá lónìí."

"Méje ni mo kà."

"Mẹ́jọ ni. Ẹ ò rí bàbá tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé ni? Ará ilẹ̀ wa ni. Gbogbo ohun tí mo ń sọ ló ń mi orí sí."

Ìyá Ìjọ wo ẹ̀bá fèrèsé. Àga wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò jókòó sórí rẹ̀ látàárọ̀. Ó rò pé àárẹ̀ ló ń da ọkọ òun láàmú.

Oṣù kẹsàn-án tí wọ́n dé ilẹ̀ òkèèrè láti wá dá ìjọ sílẹ̀ nìyẹn. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni wọ́n háyà. Àwọn aládùúgbò ti fẹjọ́ wọn sùn lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ariwo, débi pé jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èdè àwọn ọmọ ìlú náà ò tíì yọ̀ mọ́ Pásítọ̀ lẹ́nu. Bó bá ń fi wàásù, àwọn tó wá sìn á máa wojú ara wọn, wọ́n á sì rọra rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ ní tirẹ̀ ń wẹ àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan, owó ibẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun.

Látọjọ́ tí Pásítọ̀ ti rí bàbá yẹn ni ara rẹ̀ ti yí padà. Ẹ̀bá fèrèsé ló ń kọjú sí. Ó kọ́kọ́ ń ki gbólóhùn Yorùbá kan bọ ìwàásù, ó di ìdajì, nígbà tó yá gbogbo rẹ̀ di Yorùbá.

"Àwọn yòókù ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ọ̀rọ̀ mi ń yé e," ló fèsì. "Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ mi ti yé ẹnikẹ́ni."

Èèyàn méje di mẹ́rin, mẹ́rin di ẹyọ kan. Obìnrin aránṣọ kan ló kù, ọmọ ìlú náà. Lọ́jọ́ kan, òun náà da ìwé orin padà sí Ìyá Ìjọ lọ́wọ́. "Ẹ má bínú," ló wí. "Ọkọ yín ò wojú wa mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìyá Ìjọ wọra. Ó wá ń rò ó bóyá ẹnì kan wà lórí àga yẹn lóòótọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá bàbá tó ń gbá àtẹ̀gùn ilé náà, ó bi í pé ta ló lo yàrá òkè ṣáájú wọn. Bàbá náà fara ti ìgbálẹ̀.

"Ará ilẹ̀ yín kan ni. Pásítọ̀ lòun náà. Ọdún mẹ́ta ló fi wàásù fún àga. Ẹ̀bá fèrèsé la ti bá a lórí ìjókòó. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tó ti kú." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìjọba ló sin ín. Ẹnì kankan ò tẹ̀lé e dé ibojì."

Nígbà tó padà dókè, ọkọ rẹ̀ ti jókòó, ó kọjú sí àga náà, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá Ìjọ kò ronú lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ jókòó sórí rẹ̀. Òtútù wọ̀ ọ́ láti ìdí dé ọrùn. Ó gbóòórùn aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí. Etí rẹ̀ gbọ́ èémí tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò dìde.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," ló wí. "Ẹ kú ìdánìkanwà."

Pásítọ̀ bú sẹ́kún.

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó jẹ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti sọ fún mi. Ó ní bí mo bá lọ, ta ló máa kù fún òun?"

"Ẹ sin ín. Ẹ ṣe ìsìn ìsìnkú tẹ́nikẹ́ni ò ṣe fún un."

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ṣe é. Aránṣọ wá. Bàbá onígbálẹ̀ wá, ó ṣí fìlà. Èdè wọn ni Pásítọ̀ fi wàásù, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde, ó sì ń wojú wọn. Nígbà tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ó wo ẹ̀bá fèrèsé títí.

"Ó ti lọ," ló wí.

Wọ́n dá yàrá náà padà lóṣù yẹn. Ọ̀gá ilé ìtọ́jú gbà kí wọ́n máa ṣèsìn ní yàrá ìjẹun. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, èèyàn mọ́kàndínlógún jókòó. Ìyá Ìjọ ti ìyá arúgbó kan wọlé lórí àga onítáyà. Ìlú yẹn ni wọ́n bí ìyá náà sí, kò kúrò níbẹ̀ rí, ó sì ti tó ọdún mẹ́rin tí àìsàn ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe di ojú láti gbàdúrà, ìyá náà gbá Ìyá Ìjọ lọ́wọ́ mú.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sin mí," ló wí ní Yorùbá tó já gaara. "Ìjọ ibí yìí mà pọ̀ ju tèmi lọ o. Mi ò lọ mọ́."

Ìyá Ìjọ ò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló tún lọ ti ìyá náà wá, iwájú ló sì gbé e sí.